Samsung 990 Pro: SSD Tó Yẹ Iṣẹ́ Fídíò, Ṣùgbọ́n Kì í Ṣe Fún Gbogbo Ènìyàn

Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe àtúntò fídíò tàbí tó ń ṣiṣẹ́ lórí àwòrán ńláńlá mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ọwọ́ ẹni bá yá ju kọ̀ǹpútà lọ, tí a tẹ bọ́tìnì tán, tí a wá jókòó tí à ń wo àmì róbótó tó ń yí lójú. Ọ̀pọ̀ máa ń di ẹ̀bi náà ru processor tàbí RAM, bẹ́ẹ̀ ìdádúró náà lè ti ibi tí a kó fáìlì sí gan-an wá. Samsung 990 Pro oní-2 TB ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí, SSD ni, ìyẹn díráìfù tó ń kó fáìlì sínú ṣíìpù, tí kò ní àwo tó ń yí.

Háàdì díráìfù àtijọ́, tí àwo inú rẹ̀ ń yí nígbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, kì í sábà ka ju nǹkan bí 250 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí fáìlì kéékèèké bá sì pọ̀, ó máa ń lọ́ra gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé orí tó ń kà á níláti máa sáré kiri lórí àwo. SSD tó ń lo SATA, ọ̀nà àtijọ́ tí díráìfù ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, bíi Samsung 870 EVO ń kà tó 560 MB. Ti 990 Pro lè dé 7,450 MB bó bá ń kà, àti 6,900 MB bó bá ń kọ. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà nìkan yóò rò pé kọ̀ǹpútà òun yóò yá ní ìlọ́po mẹ́tàlá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí a bá kúrò lórí háàdì díráìfù bọ́ sórí SSD èyíkéyìí ni ìyàtọ̀ máa ń hàn jù. Láti SATA sí NVMe, ọ̀nà tó yára jù tí 990 Pro ń lò, bí áàpù ṣe ń ṣí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ibi tí mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ 990 Pro ni ìgbà tí fídíò tí a kò fún pọ̀ bá ń lọ lójú kan náà ní ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí káàdì kámẹ́rà tí a ń da fáìlì láti inú rẹ̀ bá lọ́ra, kò sí ohun tí ó lè ṣe sí i, nítorí àgbá ńlá kì í mú ẹ̀rọ omi tó ń kán tóótóó yára.

Ohun tí mo máa ń wò ṣáájú nọ́ńbà ìyára ni irú ṣíìpù tó wà nínú rẹ̀. SSD máa ń kọ́kọ́ kọ nǹkan sí apá kan tó yá. Bí apá yẹn bá kún, ìyára á já wálẹ̀, èyí sì máa ń burú lórí ṣíìpù QLC, tí yàrá kéékèèké inú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba bíìtì mẹ́rin, ju ti TLC oní-bíìtì-mẹ́ta lọ. Crucial P3 Plus jẹ́ QLC, oní-1 TB rẹ̀ sì ní ìdánilójú 220 TB àkọsílẹ̀, ìyẹn iye tí a lè kọ sí i kí ìdánilójú rẹ̀ tó parí, nígbà tí 990 Pro oní-1 TB, tó jẹ́ TLC, ní 600. Mo lè fi P3 Plus tọ́jú iṣẹ́ tó ti parí, ṣùgbọ́n n kò ní fi ṣe ibi tí fídíò ti ń jáde lójoojúmọ́.

990 Pro máa ń gbóná bí iṣẹ́ bá gùn, nítorí náà ẹ so irin atúgbóná mọ́ ọn. Ihò PCIe 4.0, ìyẹn ìran kẹrin ọ̀nà tí díráìfù yìí ń gbà so mọ́ motherboard (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà), ló sì ń lò. Lórí ihò 3.0, ìyára rẹ̀ kì í ju nǹkan bí 3,500 MB lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ìwé motherboard yín dáadáa, nítorí ihò M.2 (ibi tí a ti ń ki irú SSD yìí bọ motherboard) kan wà tó jẹ́ ti SATA nìkan, tí ojú lásán kò lè fi mọ̀ yàtọ̀. Ẹ sì wá skúrúù kékeré tó ń dè é mọ́lẹ̀, torí inú páálí motherboard ló sábà máa ń wà, kì í bá díráìfù wá.