São Tomé àbí Príncipe: Èwo Ni Kẹ́ Ẹ Yàn?

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tó fẹ́ fi ọjọ́ bíi mélòó kan gbatẹ́gùn ní São Tomé àti Príncipe, erékùṣù méjì tó para pọ̀ jẹ́ orílẹ̀-èdè kan, bí owó yín bá mọ níwọ̀n, São Tomé ni kẹ́ ẹ dúró sí. Ẹni tó bá ń lọ sí Príncipe á tún wọ bàálù kékeré mìíràn láti ibẹ̀. Owó mìíràn nìyẹn. Ọjà wà ní São Tomé, òkúta Pico Cão Grande náà wà, tó yọ ṣóńṣó láti inú igbó, tó fi ohun tó ju 300 mítà ga ju ilẹ̀ àyíká rẹ̀ lọ. Ẹja yíyan òun ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn kò ní ṣàjèjì lẹ́nu yín.

Príncipe ńkọ́? Kékeré ni, kò tó 150 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ní Roça Sundy, oko kòkó àtijọ́, ni Eddington, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti wo bí òṣùpá ṣe bo oòrùn lọ́dún 1919, kó lè yẹ ọ̀rọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Einstein wò, pé oòrùn máa ń fa ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn fàájì òru, ibẹ̀ á sú u kíákíá. Ọkọ àti ìyàwó tuntun ni mo lè rán lọ síbẹ̀.

Potogí ni wọ́n ń sọ ní méjèèjì, Faransé wa kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Ṣùgbọ́n owó dobra wọn so mọ́ yúrò bíi sẹ́fà tiwa, ẹ lè ṣírò ìnáwó yín láti ilé.