Gàrí Ìjẹ̀bú fún tíṣà tó ń gbé Òkè Òkun: èyí tó yẹ kẹ́ ẹ rà àti èyí tó yẹ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀

Nínú gbogbo ohun tí tíṣà ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ lè dì sínú àpótí padà sí ìlú Òyìnbó, gàrí la máa kọ́kọ́ kà. Kò fẹ́ fìríìjì, kò fẹ́ ariwo, ó sì bá iṣẹ́ olùkọ́ mu, nítorí àkókò oúnjẹ ọ̀sán ní iléèwé kì í pẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n kìló 23 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú ń gbà fún àpótí kan. Gàrí tí kò kan, tí kò sì gbẹ, kò yẹ kó gba àyè níbẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ lò nínú àpò ló ń jẹ́ kí gàrí Ìjẹ̀bú kan. Bí wọ́n bá ti bó o, tí wọ́n fọ̀ ọ́, tí wọ́n lọ̀ ọ́ lẹ́rọ, wọ́n á dà á sápò, wọ́n á gbé òkúta tàbí jáàkì lé e kí omi rẹ̀ lè ro dànù. Níbòmíì, ọjọ́ kan tàbí méjì ti tó. Gàrí Ìjẹ̀bú tòótọ́ máa ń lo ọjọ́ 3 sí 5, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àpò yẹn ló ti ń kan, ibẹ̀ náà sì ni májèlé inú ẹ̀gẹ́ ti ń dínkù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, tí wọ́n á yan án nínú agbada láìfi epo sí i. Bí iná bá pọ̀ jù, ojú rẹ̀ á pọ́n, inú rẹ̀ á ṣì ní omi. Irú èyí ló máa ń bàjẹ́ kó tó pé oṣù méjì.

Bẹ́ ẹ bá dé ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ kí ìyá ológàrí pé ajé á wọ igbá, kẹ́ ẹ tọrọ ìkúnwọ́ kan. Ẹ fi eyín fọ́ hóró kan: ó gbọ́dọ̀ dún kẹ́kẹ́. Bó bá rọ̀ tàbí tó lẹ̀ mọ́ eyín, ẹ dá a padà. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ìyókù: lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ kò burú, àmọ́ bí ọwọ́ bá funfun báláú, ìdí àpò lẹ ti ń rà. Ẹ wá da ṣíbí kan sínú omi tútù. Gàrí tó dáa á rì kíákíá, èèpo díẹ̀ á léfòó. Ẹ tọ́ omi náà wò. Kíkan rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ lẹ́nu, láìsí òórùn àpò tútù.

Àsìkò tún ṣe pàtàkì. Àwọn tíṣà tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń wá nínú ìsinmi ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ níparí oṣù Keje, ìgbà òjò nìyẹn nílé. Gàrí tó wà nínú ọpọ́n láìbò á ti fa ọ̀rinrin. Ẹ ní kí wọ́n ṣí àpò tuntun lójú yín, tàbí kẹ́ ẹ lọ bá àwọn tó ń yan án fúnra wọn. Gàrí tí wọ́n yan nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ gbẹ dáadáa, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lè ga, torí ilẹ̀ le, ẹ̀gẹ́ sì ṣòroó wú.

Ẹ má di gàrí tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ooru rẹ̀ á di omi nínú ọ̀rá, gbogbo rẹ̀ á sì dì kókó. Ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ wá dì í sínú ọ̀rá méjì tó nípọn, kẹ́ ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun tó jẹ́ sára rẹ̀, kí aṣọ́bodè má baà ṣiyèméjì nípa nǹkan funfun lẹ́búlẹ́bú. Ẹ má ki ẹran gbígbẹ tàbí mílíìkì mọ́ ọn: òfin kò gba arìnrìn-àjò láàyè láti gbé wọn láti Nàìjíríà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹnì kan bá ń lo gíráàmù 200 lọ́sẹ̀, kìló 5 á gbé e fún ọ̀sẹ̀ 25.

Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ̀bà ló rọrùn jù: omi gbígbóná láti inú kẹ́tùlù yàrá àwọn olùkọ́, abọ́ tó ní ìdérí, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ fi ẹ̀pà sílẹ̀ nílé, nítorí ọ̀pọ̀ iléèwé ibẹ̀ kì í gbà á wọlé nítorí àwọn ọmọ tí ara wọn kọ̀ ọ́. Sátidé lẹ ó rí ẹ̀pà jẹ. Bẹ́ ẹ bá ń wọ rélùwéè lọ sí etíkun tàbí ọgbà ìgbafẹ́, ẹ gbé gàrí lọ ní gbígbẹ, omi tútù nínú ìgò, ẹja díndín lọ́tọ̀. Ẹni tó bá rẹ ẹ́ kó tó kúrò nílé, ẹ̀bà tútù ló máa bá lábọ́. Ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀kan péré kí èèpo lè bá omi lọ. Bẹ́ ẹ bá ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, kíkan rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ife gàrí kan sí ife omi mẹ́ta, ṣúgà lẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì mu ún lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú kó yẹra fún un, nítorí ó kan gan-an.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù Áfíríkà níbẹ̀ náà ń ta àpò tí wọ́n kọ “Ìjẹ̀bú” sí lára. Orúkọ yẹn nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ kọ́kọ́ ra èyí tó kéré jù, kẹ́ ẹ dán an wò nínú omi bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe ní Òkè-Ajé, kẹ́ ẹ tó ra àpò ńlá.