Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó fẹ́ ra trainer kẹ̀kẹ́: ẹ má sanwó kí ẹ tó de kẹ̀kẹ́ yín mọ́ ọn

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń gbèrò àtira trainer, ẹ̀rọ tí à ń de kẹ̀kẹ́ mọ́ kí èèyàn lè máa wà á nínú ilé, kó fara balẹ̀ ka èyí kó tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Àwọn olùtajà kan wà lórí Instagram àti WhatsApp nílùú Èkó tí wọ́n ń gba owó smart trainer, èyí tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lè pàṣẹ fún, lọ́wọ́ èèyàn, tí wọ́n á sì gbé irin olóòfà lásán wá fún un. Àwọn tó ń kó sí wọn lọ́wọ́ jù ni àwọn tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá, tí wọn ò sì lè bá dáńfó àti ọ̀kadà du títì. Ẹni tó ń wá ìlera ni wọ́n ń rẹ́ jẹ. Ìyẹn ló ń bí mi nínú.

Ohun tí ojú ìyá kan rí nínú ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ wa ni mo fi mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń dá. Orúnkún ló ń yọ màmá lẹ́nu, wọ́n sì ti sọ fún wọn pé kẹ̀kẹ́ wíwà á ṣe wọ́n lóore. Àwòrán trainer olówó ńlá ni àwọn olùtajà yìí gbé síta, wọ́n ní tuntun ni, nínú páálí. Wọ́n ní ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, pé ẹlòmíràn ti ń bọ̀ wá gbé e, kí màmá tètè sanwó. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì kò jọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rárá. Wọ́n ní ti akọ̀wé àwọn ni. Ọlọ́kadà ló gbé páálí wá, kò sì dúró kí wọ́n tú u.

Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi òòfà sí nídìí ni wọ́n bá níbẹ̀, pẹ̀lú wáyà kan tó ní ọwọ́ kékeré tí èèyàn á máa fi ìka tì, àti ẹ̀rọ pínníṣín kan tó ń ka iye ìgbà tí táyà bá yí. Wọ́n wá lẹ bébà mọ́ ọn lára pé "Smart". Nígbà tí ọmọ màmá pè wọ́n, èsì wọn ni pé ṣebí ó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, smart náà nìyẹn. Ó ní kí wọ́n dá owó padà. Wọ́n ní ọjà tí àwọn bá ti tà kì í padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì dí nọ́ńbà rẹ̀ pa. Mi ò ní dárúkọ ojú ewé wọn, torí wọ́n ti yí orúkọ ibẹ̀ padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìṣesí wọn ni kí ẹ dá mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà lọ́jà, torí àìmọ̀ wa ni wọ́n fi ń jẹun. Oríṣi kan wà tí à ń gbé táyà ẹ̀yìn lé: irin róbótó kan á máa fara kan táyà bó ṣe ń yí, òòfà tàbí òróró inú rẹ̀ ló sì ń mú kí ẹsẹ̀ le. Kì í lo iná. Òmíràn wà tó jọ ọ́, àmọ́ tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lè pàṣẹ fún. Èyí tó gbówó lórí jù ni wọ́n ń pè ní direct drive. Ẹ ó yọ táyà ẹ̀yìn kúrò pátápátá, ẹ ó wá fi ṣéènì kẹ̀kẹ́ kọ́ jíà tó wà lára trainer fúnra rẹ̀. Àwòrán èyí ni wọ́n máa ń fi tan èèyàn. Ìwọ̀n rẹ̀ nìkan tó láti tú wọn fó: KICKR CORE tí ilé iṣẹ́ Wahoo ṣe tó nǹkan bíi kílò 18, irin rìbìtì tó ń yí nínú rẹ̀ sì ju kílò 5 lọ. Tí ọlọ́kadà bá fi ọwọ́ kan gbé páálí wọlé bí ẹni gbé búrẹ́dì, ẹ má jẹ́ kó kúrò níbẹ̀.

Iye owó náà ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí Zwift, ilé iṣẹ́ tó ni áàpù tí wọ́n fi ń wa kẹ̀kẹ́ nínú ilé, gbé direct drive tiwọn, Zwift Hub, jáde ní ọdún 2022, dọ́là 499 ni wọ́n ń tà á, àwọn oníkẹ̀kẹ́ lókè òkun sì ń sọ pé ọjà ọ̀pọ̀ ni. Ẹ ṣírò ìyẹn sí náírà, kí ẹ fi owó ọkọ̀ àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù lé e. Ẹni tó wá ní òun ní tuntun irú rẹ̀, tó sì ń tà á ní ìdá kan nínú mẹ́rin iye yẹn, níbo ló ti rí i?

Ẹ̀rí tí wọn ò lè parọ́ mọ́ ni ti áàpù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tan trainer, kí ẹ ṣí Zwift lórí fóònù tiyín, kì í ṣe tiwọn, kí ẹ lọ síbi tó ti ń wá ẹ̀rọ tó wà nítòsí. Ibi tí wọ́n kọ "Resistance" tàbí "Controllable" sí ni kí ẹ tẹjú mọ́. Trainer tó jẹ́ smart lóòótọ́ á yọjú síbẹ̀. Ẹ̀rọ pínníṣín tó ń ka táyà lè hàn níbòmíràn lórí áàpù yẹn, kò lè hàn níbẹ̀ láé. Lẹ́yìn náà kí ẹ gun kẹ̀kẹ́, kí ẹ wà á dé orí òkè kan nínú áàpù: ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ wúwo láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan. Tí wọ́n bá ní ẹ gbọ́dọ̀ fi ìka ti nǹkan kí ó tó le, irin olóòfà ni. Ọ̀rọ̀ "Bluetooth" lára páálí kì í ṣe ẹ̀rí. FTMS tàbí ANT+ FE-C, ìyẹn èdè tí áàpù fi ń pàṣẹ fún trainer, ni kí ẹ wá lára rẹ̀.

Ohun tí wọ́n tún máa ń fi pa mọ́ ni bóyá trainer bá kẹ̀kẹ́ yín mu. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi de táyà ẹ̀yìn wọn, sípánà la fi ń tú u. Wọn kì í sábà jókòó dáadáa lórí trainer àyàfi tí ẹ bá wá nọ́ọ̀tì tirẹ̀. Àwọn kẹ̀kẹ́ ìgbàlódé kan sì wà tó ń lo ọ̀pá thru-axle, mìlímítà 12 nínípọn, tí àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 142. Ẹ bi wọ́n bóyá ohun tí a fi ń so ó wà nínú páálí. Direct drive míì kì í bá jíà wá. Olùtajà á dákẹ́ lórí ìyẹn títí ẹ ó fi délé, kó tó wá ta jíà fún yín lọ́tọ̀. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín dání lọ, ẹ má fi ẹnu ṣàpèjúwe rẹ̀.

Mi ò sọ pé irin olóòfà kò dáa o. Ní àdúgbò tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, òun gan-an ni ǹ bá rà fún màmá, torí ọ̀pọ̀ direct drive ló máa ń dẹ̀ gbẹ̀rẹ̀ tí iná bá ti lọ, ẹsẹ̀ á kàn máa yí lásán. Kí wọ́n pè é ní orúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì tà á ní iye tó tọ́ sí i, mi ò ní bá wọn jà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún Peloton tòkunbọ̀, kẹ̀kẹ́ adúró-sójúkan tó ní ẹ̀kọ́ orí ìńtánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, tí wọ́n ń kó wọlé láti Amẹ́ríkà. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni ilé iṣẹ́ náà ti ń gba dọ́là 95 lọ́wọ́ ẹni tó bá ra àlòkù ní Amẹ́ríkà kó tó lè forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ wọn, owó oṣooṣù sì wà lọ́tọ̀. Wọn kì í tajà ní Nàìjíríà, nítorí náà kò sí ẹni tí ẹ máa pè tó bá bàjẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀pá ìjókòó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.2 kẹ̀kẹ́ náà, àwọn tó jẹ́ PL01, torí ó lè ṣẹ́ mọ́ èèyàn nídìí. Ta ló máa bá yín yẹ̀ ẹ́ wò ní Aláàbà bóyá wọ́n ti pààrọ̀ tiyín? Ohunkóhun tó bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà rẹ̀. Tó bá jẹ́ 100-240V, kò séwu. Tó bá jẹ́ 120V nìkan, iná tiwa á jó o.

Ẹ má fi gbogbo owó ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹ ní kí wọ́n ṣe fídíò trainer náà bó ṣe ń yí, pẹ̀lú orúkọ yín lórí bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oníjìbìtì kì í lè ṣe é, torí kò ní nǹkan náà lọ́wọ́.

Ẹni tó bá ti sanwó, tó sì rí i pé irọ́ ni, kó pe báńkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó ní kí wọ́n bá báńkì ẹni tó gbowó sọ̀rọ̀ kí owó tó kúrò níbẹ̀. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp yín rẹ́. Ẹ kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà: òfin wọn ti ọdún 2018 ní kí olùtajà sọ ọ́ síta tí ọjà bá jẹ́ àlòkù, ó sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò bá àpèjúwe rẹ̀ mu padà, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà kọ sórí rìsíìtì. Ibẹ̀ la gbé ọ̀rọ̀ màmá lọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ rà, tó ń gbé ní Sùúrùlérè tàbí Yàbá, tó ń fẹ́ ẹni tó máa bá a lọ yẹ ọjà wò, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Màá bá a lọ.