Ọ́fíìsì Lọ́yà Kan ní Sábọ̀, Ìkòròdú, tí Ó Bá Wa Gba Ẹjọ́ Ọmọdé

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó gbé wa dé ọ̀dọ̀ lọ́yà yìí. N kò ní dárúkọ ọmọ náà, nítorí òfin fúnra rẹ̀ kò gbà kí a máa pariwo orúkọ ọmọdé tí ẹjọ́ rẹ̀ wà ní kóòtù. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù, tí ó sì fi àfọ́kù ìgò gún ojúgbà rẹ̀ ní èjìká. Ọpẹ́ ni pé ẹni tí ó gún kò kú.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọdún 19 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, nítorí pé ó ga, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti ń hù. Bí ọ̀rọ̀ bá lọ bẹ́ẹ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n láàárín àwọn àgbàlagbà ni ì bá ti máa retí ẹjọ́.

Kí lọ́yà tó mẹ́nu kan owó, ìwé ìbí ọmọ ni ó kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ̀gbọ́n mi wá a títí, kò rí i. Káàdì àjẹsára ni ó rí, tí epo pupa ti ta sí, tí bírò tí nọ́ọ̀sì fi kọ ọjọ́ ìbí sí i sì ti ń ṣá. Lọ́yà gbé e sún mọ́ fèrèsé, ó fi ìka tọ ọdún náà, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ má jẹ́ kí èyí sọnù o." Káàdì yẹn ni ó yí ẹjọ́ náà padà.

Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé pé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007, ka ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Pé kóòtù ẹbí ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ, láìsí èrò ìwòran. Pé wọn kò gbọ́dọ̀ rán ọmọdé ní ẹ̀wọ̀n, wọn kò gbọ́dọ̀ nà án lẹ́gba, wọn kò sì gbọ́dọ̀ dájọ́ ikú fún un. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn, ó rò pé ọmọ ti bọ́ nìyẹn. Lọ́yà ní rárá: adájọ́ lè fi ọmọ sábẹ́ ìṣọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ó lè ní kí òbí san owó fún ẹni tí ó fara gbọgbẹ́, ó lè ní kí ọmọ ṣiṣẹ́ ìlú, bí ọ̀ràn bá sì wúwo, ó lè fi í ránṣẹ́ sí ilé àtúnṣe. Méjì àkọ́kọ́ ni adájọ́ pa láṣẹ fún wa.

Ibi tí iṣẹ́ wọn ti kù díẹ̀ káàtó kò ṣe é fi pamọ́. ₦150,000 ni a fẹnu kò sí, ṣùgbọ́n owó fọ́tòkọ́pì àti owó ọkọ̀ kò tán nílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé Office of the Public Defender, tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní ọdún 2000, ń gba ẹjọ́ aláìní lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé lọ́yà kìlọ̀ fún wa pé kí a má lọ kí ìdílé ọmọ tí wọ́n gún, kí wọ́n má baà fi ìkíni wa ṣe ẹ̀rí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù ni a ti wá pàdé wọn. Ìyá ọmọ náà ń bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, nítorí pé apá rẹ̀ kò tíì ṣe é gbé sókè. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ níbẹ̀. Kò bèèrè lọ́wọ́ lọ́yà kankan.

Síbẹ̀, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ará ilé ẹlòmíràn, n óò júwe ọ́fíìsì náà fún un. Kí ó mú káàdì àjẹsára dání, kí ó sì bèèrè iye owó fọ́tòkọ́pì kí ó tó jókòó.