Àfikún Ilé ní London: Ilé Gíláàsì, Ògiri Gíláàsì, àbí Fèrèsé Tí A Fi Ipa Oòrùn Wọ̀n?

Ẹbí tó bá ń gbé ilé alásomọ́ra ní Peckham tàbí Dagenham mọ ìṣòro yìí: ilé ìdáná há, yàrá àárín ṣókùnkùn, àwọn ọmọ ń dàgbà, owó hítà ò sì rọjú. Tí ẹ bá fẹ́ fẹ ilé náà sẹ́yìn, ohun mẹ́ta ni àwọn kọntirákítọ̀ sábà máa ń fi lọ̀ yín. Àkọ́kọ́ ni ilé gíláàsì tí wọ́n ń pè ní conservatory. Èkejì ni yàrá bíríkì tí gbogbo ojú ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀kùn gíláàsì tó ń ká pọ̀. Ẹ̀kẹta ni yàrá bíríkì tí wọ́n fi ipa oòrùn wọn fèrèsé rẹ̀, ìyẹn ni pé ọ̀nà tí oòrùn ń gbà lójú ọ̀run ni wọ́n fi pinnu ibi tí fèrèsé máa wà àti bó ṣe máa tóbi tó. Bí ẹ̀yìn ilé yín bá kọjú sí gúúsù, ẹ̀kẹta ni mo ní kí ẹ rà, mi ò sì ṣiyèméjì. Bí ó bá kọjú síbòmíràn, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó sanwó.

Oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Nílé lọ́hùn-ún, bí a ṣe máa sá fún oòrùn la mọ̀. Ní Ìbàdàn, oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àtàrí ẹni. Ó ń gba apá àríwá lóṣù Kẹfà, ó ń gba gúúsù lóṣù Kejìlá. Ní London, oòrùn ọ̀sán kì í gba àríwá láéláé. Gúúsù ló máa ń wà: níparí oṣù Kẹfà ó ga tó dígírì 62 láti ojú ilẹ̀, níparí oṣù Kejìlá kò ju bíi dígírì 15 lọ. Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà nìyẹn. Oòrùn ìgbà òtútù ń rìn nílẹ̀, ó lè wọ inú yàrá lọ jìnnà. Ti ìgbà ooru wà lókè, àtíbàbà lè dá a dúró. Bí fèrèsé gúúsù bá ga ní mítà 2.1, àtíbàbà tó yọ síta ní mítà 1.1 lókè rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣíji bò ó tán lọ́sàn-án oṣù Kẹfà. Lóṣù Kejìlá, àtíbàbà yẹn kan náà kò ní bò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 30 lọ nínú rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ olùtajà kì í sọ ni ti òjìji. Lọ́sàn-án oṣù Kejìlá, òjìji ọgbà onípákó tó ga ní mítà 1.8 á gùn tó mítà 6.7. Ti ilé tó ga ní mítà 7 á gùn tó mítà 26. Nítorí náà, bí ẹ̀yìnkùlé yín bá kúrú, tí ilé ẹlòmíràn sì wà níwájú rẹ̀, fèrèsé ìsàlẹ̀ lè má rí oòrùn rárá nígbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Fèrèsé gíga tàbí fèrèsé orí òrùlé ni kí owó yín lọ sí nígbà náà.

Ilé gíláàsì

Òun ló sábà máa ń wọ́n kéré jù, òun ló sì ń yá jù. Ní England, òfin ìkọ́lé lè má kàn án bí kò bá tó mítà onígun mẹ́rin 30, bí ó bá wà nílẹ̀, bí ilẹ̀kùn ìta bá ṣì dá a yà sí ilé, tí hítà rẹ̀ kò sì so mọ́ ti inú ilé. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún olùrà ni pé kò sẹ́ni tó fipá mú akọ́lé láti dí òtútù. Òrùlé gíláàsì a sọ ọ́ di inú mọ́tò tí wọ́n páàkì sínú oòrùn lóṣù Keje, á sì tutù nini lóṣù Kìíní. Ó dára fún sísá aṣọ àti fún ewébẹ̀ inú ìkòkò. Kì í ṣe yàrá tí ọmọ á ti máa ka ìwé lọ́dún yípo. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ yọ ilẹ̀kùn àárín kí ilé lè fẹ̀, ẹ mọ̀ pé àǹfààní òfin yẹn ti bọ́ nìyẹn.

Ògiri gíláàsì

Ó wu ojú, mi ò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ní England, gíláàsì àfikún kò gbọdọ̀ ju ìdá 25 nínú 100 ilẹ̀ rẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìwọ̀n fèrèsé àti ilẹ̀kùn àtijọ́ tí àfikún náà bò. Bí yàrá tuntun bá jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 20, tí ó sì bo fèrèsé àti ilẹ̀kùn àtijọ́ tó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 4, ẹ̀tọ́ yín jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 9 (5 àti 4). Bí ẹ bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ ní láti fi ìṣirò hàn pé ibòmíràn nínú ilé ń dí òtútù tó láti dí àlàfo ooru tí gíláàsì náà ń jẹ́ kó jáde.

Ẹ̀sùn mi tó tóbi jù ni ti yàrá àárín. Fèrèsé tó ń fún un ní ìmọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀nà sí yàrá tuntun, ilẹ̀kùn gíláàsì sì ti jìnnà sí i. Ẹ náwó tán, àárín ilé wá ṣókùnkùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ojú ẹ̀yìn bá sì jẹ́ ìwọ̀-oòrùn, oòrùn ìrọ̀lẹ́ á gba abẹ́ àtíbàbà wọlé. Lọ́jọ́ 19 oṣù Keje, 2022, ooru kọjá dígírì 40 ní Coningsby, ní Lincolnshire; ooru ìlú ọba kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré mọ́.

Fèrèsé tí a wọ̀n

Níbí, ògiri àti òrùlé ló ń ṣiṣẹ́ jù. Òfin England ní kí U-value (ìwọ̀n bí ooru ṣe ń gba ara nǹkan jáde) ògiri tuntun má ju 0.18, òrùlé 0.15, fèrèsé 1.4, bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ooru ṣe ń ṣòro jáde tó. Gíláàsì tó wà ní gúúsù pọ̀ níwọ̀nba, àtíbàbà bò ó lókè. Kọnkéré tí wọ́n tẹ́ táìsì lé, tí fóòmù adènà òtútù wà lábẹ́ rẹ̀, ni ilẹ̀ yàrá: á gba ooru lọ́sàn-án, á sì máa tú u sílẹ̀ lálẹ́. Ẹ má tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, nítorí kò ní jẹ́ kí oòrùn kan kọnkéré náà.

Ẹ ní kí wọ́n ṣe fèrèsé òrùlé tó ṣeé ṣí sí ibi tí ilé àtijọ́ àti tuntun ti pàdé. Òun ló ń gba yàrá àárín là, òun náà sì ni ooru máa ń gbà jáde bí ẹ bá ṣí fèrèsé ìsàlẹ̀ kan. Kò tó fún èéfín ilé ìdáná o. Níbi tí wọ́n ti ń din dòdò tí wọ́n sì ń yan ata, ẹ fi fáànù afèéfínjáde sókè sítóòfù, èyí tó ń fa ó kéré tán lítà 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Bí ẹ̀yìn ilé yín bá jẹ́ àríwá, ẹ má sanwó àtíbàbà. Ìmọ́lẹ̀ lẹ máa rí, ẹ kò ní rí ooru oòrùn. Gíláàsì onípele mẹ́ta tó mọ níwọ̀n ló bá a mu. Ìlà-oòrùn dára fún oúnjẹ àárọ̀. Ìwọ̀-oòrùn nílò aṣọ fèrèsé tí wọ́n fi síta, torí èyí tó wà nínú kì í dá ooru dúró tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó ti gba gíláàsì kọjá.

Ìwé àti owó

Ní England, ilé alásomọ́ra sábà lè gùn sẹ́yìn ní mítà 3 láìgba ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ilé tó dá dúró mítà 4. Ó lè dé 6 tàbí 8 bí ẹ bá kọ́kọ́ fi tó káńsù létí, tí wọ́n sì gbà. Fláàtì kò ní ẹ̀tọ́ yìí. Lábẹ́ òfin ògiri àjọní ti 1996, bí ẹ bá máa gbẹ́ ìpìlẹ̀ láàárín mítà 3 sí ilé aládùúgbò, tí ìpìlẹ̀ náà sì jìn ju tiwọn lọ, ẹ fún wọn ní ìwé oṣù kan ṣáájú.

Ẹ bi kọntirákítọ̀ bóyá VAT ìdá 20 nínú 100 wà nínú iye tó pè. Ẹ ní kí ayàwòrán ilé fi òjìji ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà àti ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá hàn lórí àwòrán, pẹ̀lú ọgbà àti ilé aládùúgbò nínú rẹ̀. Bí owó bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ dín ìbú ilẹ̀kùn gíláàsì kù. Ẹ má fọwọ́ kan fóòmù abẹ́ ilẹ̀ àti fèrèsé òrùlé.