Ẹ ṣọ́ra fún DAC abuké tí wọ́n ń tà bí èyí tí wọ́n ti tún ṣe

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń ra DAC, ẹ̀rọ tó ń gba orin láti inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lọ sínú amplifier, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń bá alágbàtà dúnàádúrà lórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́. Wọ́n ń ki bọ́ọ̀dù àtijọ́, ìyẹn pátákó iná inú ẹ̀rọ, sínú páálí tuntun. Èmi ti san owó temi, n kò fẹ́ kí ẹlòmíì san tiẹ̀.

Ìbàdàn ni mo wà, ohùn àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń gbà sílẹ̀. Mo mọ̀ pé DAC tí mo fẹ́ rà ní àléébù nígbà tó kọ́kọ́ jáde, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ṣe é ti yí bọ́ọ̀dù rẹ̀ padà. Oníṣòwò kan l'Ékòó ní èyí tuntun ló wà lọ́wọ́ òun. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, version tuntun ni, wọ́n kọ ọ́ sára páálí." ₦235,000 ni mo san. ₦170,000 ló ń ta ti àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àléébù náà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí wa mú. DAC ló ń sọ nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù di iná tó ń wọ inú amplifier. Tí ohùn méjì bá jọ gba inú ẹ̀rọ kan kọjá, wọ́n á bí àwọn ohùn míì tí ẹnì kankan ò kọ. Ẹ fi ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan (60 Hz) àti ti 7,000 Hz sí i, kí ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ 7,000 yẹn: ẹ ó rí àwọn ọmọ àlè ní 6,940 àti 7,060. Kò sí DAC tí kò ní díẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ tó dáa, bí ẹ bá ṣe ń gbé ohùn sókè láti ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdá ìdọ̀tí náà á máa wálẹ̀ geere. Nínú abuké, ó ń wálẹ̀ bọ̀, àfi bó ṣe dé àárín, ní nǹkan bíi −40 sí −20 dB (0 dB ni ibi tí ohùn ti lọ sókè tán), ló bá wú bí iké lẹ́yìn ènìyàn, kó tó tún wálẹ̀. Àárín yẹn gan-an sì ni orin ń gbé. Akọrin wo ló ń fi gbogbo ọ̀fun pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Nọ́ńbà THD+N, ìyẹn àpapọ̀ ìdọ̀tí àti ariwo tí ẹ̀rọ ń fi kún ohùn, tí wọ́n ń kọ sára páálí ò lè fi iké hàn yín. Ohùn kan ṣoṣo, 1,000 Hz, ni wọ́n sábà máa ń fi wọ̀n ọ́n, níbi tó ti lọ sókè tán.

Lára àwọn chip Sabre (chip ni ègé kékeré inú ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ DAC gan-an) ti ilé-iṣẹ́ ESS ní California ni ọ̀rọ̀ iké yìí ti di gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń wọn ẹ̀rọ. Kí n má purọ́ mọ́ wọn o: kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ tó ní chip wọn ló yọ iké. Àwọn kan lo chip yẹn náà, ìlà tí wọ́n fi wọn ìdọ̀tí wọn sì geere. Ìyẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn nǹkan tó yí chip ká, op-amp àti resistor àti capacitor tó ń gba iná tó jáde lára rẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ìpamọ́ àṣírí nìkan ló ń rí ìwé àlàyé kíkún lórí àwọn chip náà. Báwo ni àwa tí a ń rà á lọ́jà ṣe fẹ́ mọ ohun tí wọ́n yí padà, tàbí ìgbà tí wọ́n yí i? Inú òkùnkùn yẹn ni àwọn oníjìbìtì ti ń jẹun.

Ọdún 2020 tún wá dá kún un. Ní oṣù kẹwàá, iná jó ilé-iṣẹ́ AKM, tí àwọn náà ń ṣe chip DAC, ní Nobeoka, lórílẹ̀-èdè Japan. Chip wọn di ọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe DAC sì wá tẹlòmíì lọ. Ẹ̀rọ kan á ṣì ń jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́, inú rẹ̀ á ti yí. RME, ilé-iṣẹ́ Jámánì kan tó ń ṣe DAC, náà gbé ADI-2 DAC wọn kúrò lórí chip AKM sórí ti ESS, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ síta fún oníbàárà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ wo Intel tí kò ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n ti mọ̀ pé Pentium, chip kọ̀ǹpútà wọn, ń ṣi ìṣirò ṣe kí ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Nicely tó tú u síta ní 1994. Wọ́n kọ́kọ́ ń jiyàn, ìgbẹ̀yìn rẹ̀, $475 mílíọ̀nù ló ná wọn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí temi. Mo fi REW wọ̀n ọ́n, ètò ọ̀fẹ́ ni, orí kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣiṣẹ́. Iké yọ. Oníṣòwò ní kí n ṣe update firmware, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà látinú. Mo ṣe é, iké ò kúrò níbẹ̀. Mo wá gbé dráyà tí ìyàwó mi fi ń gbẹ irun, mo fi fẹ́ ìwé funfun tó wà lára páálí. Ó ṣí. Ìwé míì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ká rọ́bà ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà, mo tú síkúrúù mẹ́rin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú USB, wọ́n fi lẹ́tà funfun tẹ V1.0 sára bọ́ọ̀dù. V1.2 ló wà lára páálí.

Mo pe oníṣòwò náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé etí yín gbọ́ nǹkan kan ni?" Mo sọ òótọ́ fún un pé rárá, n kò gbọ́ ọ, iké náà kéré. Ṣùgbọ́n tí mo bá sanwó epo pupa lítà mẹ́rin, tó wọn mẹ́ta àti ààbọ̀ fún mi, tí ọbẹ̀ mi wá dùn, ṣé ìyẹn sọ mẹ́ta àti ààbọ̀ di mẹ́rin? ₦65,000 ló gbà lé e, nítorí àtúnṣe tí kò sí níbẹ̀.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà, mo ní kí wọ́n sọ nọ́ńbà ẹ̀rọ tí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà kan ni wọ́n fi dá mi lóhùn, pé àwọn ti mú ohùn rẹ̀ dára sí i. Kò sí nọ́ńbà, kò sí ọjọ́. Inú bí mi sí èyí ju ti oníṣòwò lọ, torí àwọn ló fún un láyè.

Torí náà, ẹ má gba fọ́tò páálí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fọ́tò bọ́ọ̀dù ni kí ẹ béèrè, kí nọ́ńbà version rẹ̀ hàn ketekete. Ẹ béèrè ìlà IMD, ìyẹn àwòrán tó ń fi ìdá àwọn ọmọ àlè yẹn hàn, láti −60 dB dé 0. Ẹni tó bá fún yín ní nọ́ńbà kan ṣoṣo ò tíì dá yín lóhùn. Ilé-iṣẹ́ tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé "láti nọ́ńbà báyìí lọ la ti yí i padà," tiwọn ni kí ẹ rà, bó tilẹ̀ wọ́n jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra chip lásán láti fi ṣe ti ara yín, ẹ fi òwú tẹ́ ẹ rẹ sínú omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná nu orí rẹ̀. Tí òwú bá dúdú, wọ́n ti kun ún kí wọ́n tó kọ orúkọ míì sí i.

₦20,000 péré ni oníṣòwò náà ti dá padà di òní. Àbúrò mi kọjá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹ́fà ṣì wà lórí pẹpẹ. Páálí dúdú ni, igun ọ̀tún nísàlẹ̀ ni ìwé funfun náà wà, ó sì nípọn. Ẹ fi èékánná ká etí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.