Ẹ ṣọ́ra o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra lọ́fíńdà Interlude Man tàbí Black Afgano

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ń rò ó lọ́wọ́ pé ṣé kóun ra Interlude Man ti ilé iṣẹ́ Amouage ni àbí Black Afgano ti ilé iṣẹ́ Nasomatto fún ìgbà òtútù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sanwó. Àwọn oníjìbìtì ti rídìí ẹ̀. Wọ́n á ní ẹ má wulẹ̀ ra ńlá, àwọn á rọ díẹ̀díẹ̀ nínú méjèèjì sínú ìgò kékeré kẹ́ ẹ fi mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Àdàlù ni wọ́n ń kó fúnni.

Ọ̀kan nínú wọn ta méjèèjì fún mi. Mo ní òórùn yìí ò jọ ọ́, ó ní "Ọ̀gá mi, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kì í ṣe gbogbo imú ló máa ń gbà á." Ẹ wo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́! Gbogbo wa la mọ̀ pé báwọn kan ṣe ń kú lé lọ́fíńdà méjèèjì yìí lórí làwọn míì ń sá fún un, òun ni wọ́n fi ń bo ayédèrú mọ́lẹ̀. Mo tún ní kò pẹ́ lára, ó ní òtútù ló fà á, irọ́ gbuu, torí pé tùràrí, oud (igi olóòórùn dídùn) àti òórùn awọ tó wà nínú Interlude wúwo, wọn kì í tètè fò lọ, ìdí ẹ̀ gan-an la ṣe ń wá a nígbà òtútù. Látìgbà tí Pierre Negrin ti pò ó jáde ní 2012 ló ti máa ń le koko níbẹ̀rẹ̀, èéfín tùràrí pẹ̀lú ewé oregano, ó sì lè wà lára kóòtù dọjọ́ kejì. Èyí tí wọ́n kó fún mi, fànílà pẹ̀lú sípíríìtì lásán ni, n ò tíì múra tán tó ti pòórá.

Black Afgano ló tiẹ̀ rọrùn láti mú jù. Ojúlówó ẹ̀ dúdú bíi kọfí tí wọn ò fi mílíìkì sí, ẹ fín in sí tíṣù funfun, á fi àbàwọ́n sílẹ̀. Tèmi, omi yẹ́lò ni, tíṣù gbẹ, ó funfun báláú! Ó tún ka èròjà ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó ní bí ilé iṣẹ́ ṣe kọ ọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ Nasomatto kì í sọ ohun tó wà nínú ọjà wọn fáráyé.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ ra kékeré, ẹ ní kó ya fídíò ìgò ńlá tó ń rọ ọ́ látinú ẹ̀, kó kọ orúkọ yín sí bébà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó sì dojú ìgò dé kẹ́ ẹ rí kóòdù ìdí ẹ̀. Kóòdù nìkan ò tó o, wọ́n ń ṣe ayédèrú ẹ̀ náà. Ìdérí Amouage ní mágínẹ́ẹ̀tì, fúnra ẹ̀ ló máa ń fà mọ́ ọrùn ìgò, ẹ ní kó ṣí i kó tún dé e lójú yín. Tó bá wá ní kẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́ lórí PayPal bí ẹni fún mọ̀lẹ́bí, ẹ sá, torí wọn ò ní bá yín gba owó yẹn padà. Nígbà tí mo béèrè tèmi, ṣe ló blọ́ọ̀kì mi.

Ẹni tó bá ti ra Black Afgano lọ́wọ́ irú wọn, ẹ fín in sí tíṣù lónìí, tí ò bá ti lábàwọ́n, ẹ pe báńkì yín kíákíá kí àkókò ẹ̀sùn má lọ.